Ọjọ́ Kan Péré ni Màmá Fẹ́ Fi Wo Èbúté

[Fóònù ń dún. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbé e.]

ÀBÚRÒ: Hẹ́lòó.

Ẹ̀GBỌ́N: Áà. O kúkú wà láyé.

ÀBÚRÒ: Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má bínú. Ṣé dáadáa lẹ jí?

Ẹ̀GBỌ́N: Káàárọ̀ kẹ̀? Oòrùn ti fẹ́ dé àtàrí, ò ń kí mi ní káàárọ̀. Láti ìdájí ni mo ti ń pè ọ́.

ÀBÚRÒ: Fóònù wà lórí ṣájà. Àwọn ọmọ ńkọ́?

Ẹ̀GBỌ́N: Wọ́n ti lọ sílé ìwé.

ÀBÚRÒ: Bàbá wọn ńkọ́?

Ẹ̀GBỌ́N: Ó wà níbi iṣẹ́. Iṣẹ́ èbúté ńkọ́?

ÀBÚRÒ: A dúpẹ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹsẹ̀ tó wú ńkọ́? Èyí tí o ní o fi gbá òpó.

ÀBÚRÒ: Wíwú yẹn ti lọ.

[Ìró máṣíìnì ìránṣọ. Ó dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀.]

Ẹ̀GBỌ́N: Ó dáa. Mò ń ránṣọ lọ́wọ́ o, àwọn oníyàwó kan ń dúró de tiwọn. Bàbá Kékeré, ọ̀rọ̀ ìrìn àjò màmá ni mo fẹ́ ká parí. Ibo lẹ ó ti kọ́kọ́ lọ?

ÀBÚRÒ: Ìgbà wo?

Ẹ̀GBỌ́N: Ìgbà tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, ìgbà wo tún ni. Ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní, o mọ̀ wọ́n. Kí wọ́n lọ láàárọ̀, kí wọ́n padà lálẹ́. Láti ìgbà tí bàbá ti kú, wọn ò sùn sórí ibùsùn míì rí yàtọ̀ sí tiwọn.

ÀBÚRÒ: Mo mọ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: A ò wá gbọdọ̀ fi àkókò ṣòfò. Wọ́n ti sọ ohun tí wọ́n fẹ́ rí fún mi. Ilé gogoro tó ń tanná fún ọkọ̀ ojú omi ló ṣáájú. Wọ́n fẹ́ gùn ún.

ÀBÚRÒ: Gùn ún kẹ̀?

Ẹ̀GBỌ́N: Dé orí pátápátá. Wọ́n ní àwọn fẹ́ dúró síbẹ̀ kí àwọn wo omi tí kò ní òdìkejì.

ÀBÚRÒ: Wọ́n ti tì í.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ni wọ́n tì?

ÀBÚRÒ: Ilé gogoro yẹn. Wọ́n ń kùn ún lọ́dà.

Ẹ̀GBỌ́N: Inú ni wọ́n ń kùn ni àbí ìta?

ÀBÚRÒ: Gbogbo ẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Okay. Ọjà ẹja wá ńkọ́, èyí tó wà létí omi, tí o ní ẹja ṣì máa ń ta pọ́ún nínú agbọ̀n?

ÀBÚRÒ: Ilẹ̀ ibẹ̀ ń yọ̀. Àgbàlagbà ò lè rìn níbẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Àwọn tó ń tajà níbẹ̀, ṣé ọmọdé ni gbogbo wọn?

ÀBÚRÒ: Ó ti mọ́ àwọn yẹn lára.

Ẹ̀GBỌ́N: Ó ti mọ́ ìwọ náà lára. O ó di ọwọ́ wọn mú.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi—

Ẹ̀GBỌ́N: Bọ́ọ̀tù tó ń gbé èèyàn lọ sí erékùṣù ńkọ́?

ÀBÚRÒ: Ìgbì ń jà lásìkò yìí.

Ẹ̀GBỌ́N: Afárá tó ń ya sí méjì tí ọkọ̀ ńlá bá fẹ́ kọjá?

ÀBÚRÒ: Ó jìnnà sí gáréèjì. Ìrìn ibẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìwọ lo sọ fún wa pé kí èèyàn tó jẹ búrẹ́dì kan tán, á ti débẹ̀.

ÀBÚRÒ: Ìgbà yẹn nìyẹn.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìgbà wo? Ṣé afárá náà ti kó kúrò níbẹ̀ ni?

[Ohùn ń lọ, ó ń bọ̀.]

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Mò ń gbọ́ yín.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ní, ìlú wo ló wá kù tí o fẹ́ fi han màmá? Ìlú tí o ti ń ròyìn fún wa láti ọjọ́ tí o ti débẹ̀, tí èèyàn bá gbọ́ ọ, á rò pé ìwọ lo tẹ̀ ẹ́ dó. Ilé gogoro, wọ́n ń kùn ún. Ọjà, ó ń yọ̀. Omi, ó ń jà. Afárá, ó jìnnà. Ṣé inú yàrá rẹ ni wọn ó jókòó sí kí wọ́n máa wo ògiri?

ÀBÚRÒ: Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an ni pé ká sún un síwájú.

Ẹ̀GBỌ́N: A tún fẹ́ sún un.

ÀBÚRÒ: Kí òjò yìí lọ tán ná.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí òjò tó dé, o ní oòrùn ti mú jù. Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, o ní iṣẹ́ pọ̀. À ń sún un, à ń sún un, bí ẹni ń sún àga kiri nínú ilé tó ń jò. Màmá ò sọ nǹkan kan. Ìgbà tó yá ni wọ́n bi mí, wọ́n ní, "Ṣé mo ń tì í lójú ni?"

ÀBÚRÒ: Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀GBỌ́N: Wọ́n sọ ọ́, wọ́n sì fi ẹ̀rín lé e, bí wọ́n ti máa ń ṣe tí ọ̀rọ̀ bá dùn wọ́n.

ÀBÚRÒ: Ẹ sọ fún wọn pé kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìwọ lo máa fẹnu ara rẹ sọ ọ́ fún wọn lónìí.

ÀBÚRÒ: Ẹ gbé fóònù fún wọn nígbà náà.

Ẹ̀GBỌ́N: Wọn ò sí níbí.

ÀBÚRÒ: Ibo ni wọ́n lọ?

Ẹ̀GBỌ́N: Fara balẹ̀. Surprise la fẹ́ ṣe fún ọ.

[Máṣíìnì dákẹ́.]

ÀBÚRÒ: Surprise wo?

Ẹ̀GBỌ́N: Màmá wà nínú bọ́ọ̀sì.

ÀBÚRÒ: Bọ́ọ̀sì wo?

Ẹ̀GBỌ́N: Èyí tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ. Èmi ni mo sìn wọ́n lọ sí gáréèjì kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́n wọ bàtà tuntun. Mo ní bàtà tuntun á ha wọ́n lẹ́sẹ̀, wọ́n ní ìlú ńlá kọ́ là ń wọ ògbólógbòó bàtà lọ.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣeré.

Ẹ̀GBỌ́N: Mi ò ṣeré. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo fi wọ́n sí. Mo ní kí n tètè pè ọ́ kí o lè tọrọ àyè níbi iṣẹ́, o ò gbé fóònù. Ìdí tí mo fi ń pè ọ́ bí ẹni ń pe ọmọ tó sọnù nìyẹn.

ÀBÚRÒ: Ẹ dá wọn padà.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí n dá bọ́ọ̀sì tó ń sáré lójú títì padà? Ọwọ́ wo ni kí n fi dá a?

ÀBÚRÒ: Ẹ pè wọ́n. Ẹ ní kí wọ́n bọ́ọ́lẹ̀ kí wọ́n tó wọ ìlú, kí wọ́n wọ èyí tó ń padà.

Ẹ̀GBỌ́N: Fóònù wọn nìyí lórí máṣíìnì mi.

ÀBÚRÒ: Kí ló ń ṣe níbẹ̀?

Ẹ̀GBỌ́N: Wọ́n ní ta ni àwọn fẹ́ fi pè. Wọ́n ní ọmọ kan ló ń sin àwọn lọ, ọmọ kan ló ń pàdé àwọn, ta ló tún kù láyé tí àwọn fẹ́ bá sọ̀rọ̀? Hẹ́lòó? Ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Mo gbọ́ yín.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ló dé? Ṣé obìnrin wà nínú ilé ni? Tó bá jẹ́ obìnrin ni, sọ fún mi. Inú màmá á kàn dùn ni. Wọ́n ti ń wá a tipẹ́.

ÀBÚRÒ: Kò sí obìnrin kankan.

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé wọ́n lé ọ níbi iṣẹ́?

ÀBÚRÒ: Ìgbà wo ni bọ́ọ̀sì yẹn máa dé?

Ẹ̀GBỌ́N: Ó yẹ kó ti máa wọ ìlú. Dìde báyìí, bọ́jú, sọ̀kalẹ̀, kí o lọ dúró sẹ́nu géètì gáréèjì. Ibẹ̀ ni mo sọ fún wọn pé wọ́n á ti rí ọ.

ÀBÚRÒ: Mi ò lè sọ̀kalẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Torí kí ni?

ÀBÚRÒ: Lífítì ti bàjẹ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Lífítì.

ÀBÚRÒ: Ó ti pẹ́ tó ti bàjẹ́. Òkè pátápátá ni mo sì wà.

Ẹ̀GBỌ́N: Àtẹ̀gùn ńkọ́? Àbí wọ́n ń kun ìyẹn náà lọ́dà?

ÀBÚRÒ: Àtẹ̀gùn wà.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ló wá dè ọ́ mọ́lẹ̀? Ṣé o ò lẹ́sẹ̀ ni?

[Ẹyẹ òkun ń ké lójú fèrèsé.]

Ẹ̀GBỌ́N: Bàbá Kékeré?

ÀBÚRÒ: Ọ̀kan ni mo ní, ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹ̀GBỌ́N: Ọ̀kan kí ni?

ÀBÚRÒ: Ẹsẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Mi ò gbọ́ ọ. Network yìí—

ÀBÚRÒ: Ẹ gbọ́ mi.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ní mi ò gbọ́.

ÀBÚRÒ: Wọ́n ti gé èkejì. Ní ìsàlẹ̀ orúnkún.

[Irin kan jábọ́ sílẹ̀ lápá ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n.]

Ẹ̀GBỌ́N: Ta ló gé e?

ÀBÚRÒ: Àwọn dókítà.

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹsẹ̀ tó wú yẹn?

ÀBÚRÒ: Kò wú rí. Mi ò gbá òpó kankan. Accident ni, níbi iṣẹ́. Okùn tí a fi ń so ọkọ̀ mọ́ èbúté ni. Ọkọ̀ ńlá kan fà á jù, ó já. Okùn tó bá já bẹ́ẹ̀, ẹ ò ní rí i, ẹ ó kàn gbọ́ ọ ni. Mo gbọ́ ọ, mo sì ti wà nílẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìgbà wo?

ÀBÚRÒ: Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ní kí o fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Mo ní kí o gbé ẹsẹ̀ lé ìrọ̀rí. O ní o ti gbé e lé e.

ÀBÚRÒ: Orí ibùsùn ilé ìwòsàn ni mo wà nígbà tí ẹ ń sọ ọ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Ò ń dá mi lóhùn. Ò ń bá mi rẹ́rìn-ín.

ÀBÚRÒ: Kí ni kí n ti ṣe? Màmá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Mò ń gbọ́ wọn lẹ́yìn, wọ́n ń ní kí ẹ bi mí bóyá mo ti jẹun.

[Ẹ̀gbọ́n ń mí gúlegúle. Ó fọn imú.]

Ẹ̀GBỌ́N: Ta ló ń fọṣọ rẹ? Ta ló ń lọ sọ́jà fún ọ?

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Màmá ń bọ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: O dá ìyà yìí jẹ. Láti ìgbà yẹn lo ti ń dá a jẹ. Èmi tí mo pọ̀n ọ́ títí ẹ̀yìn mi fi bó. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún—

ÀBÚRÒ: Mo mọ ìyókù. Ẹ bá mi wí lọ́la. Ẹ bá mi wí títí ọdún á fi yí po. Ẹ kọ́kọ́ ràn mí lọ́wọ́ ná.

Ẹ̀GBỌ́N: Okay. Okay. Dúró kí n jókòó. Ta ló wà nínú ilé yẹn?

ÀBÚRÒ: Kò sẹ́nì kankan. Ilé òṣìṣẹ́ ni, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ó ti dá páropáro.

Ẹ̀GBỌ́N: Ta ló wá ń bá ọ sọ̀kalẹ̀?

ÀBÚRÒ: Ọkùnrin kan tó ń yan búrẹ́dì, ìsàlẹ̀ ló ń gbé. Ó máa ń pọ̀n mí sẹ́yìn lọ́jọ́ ìsinmi. Ó wà nídìí ààrò báyìí, wọn kì í jẹ́ kí wọ́n mú fóònù wọ ibẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ lẹ́bùúté?

ÀBÚRÒ: Ọkọ̀ pọ̀ lónìí. Mò ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé, wọ́n ń gba okùn. Mo lè juwọ́ sí wọn. Wọn ò ní rí mi.

Ẹ̀GBỌ́N: Takisí. Pe onítakisí kan, kó lọ gbé wọn wá.

ÀBÚRÒ: Ṣé wọ́n á tẹ̀ lé e?

Ẹ̀GBỌ́N: Yéè.

ÀBÚRÒ: Kí ni?

Ẹ̀GBỌ́N: Èmi ni mo bà á jẹ́. Mo sọ fún màmá pé bí ẹnikẹ́ni bá wá bá yín pé ọmọ yín ló rán òun, irọ́ ni. Mo ní ẹ má tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni, àfi tí ẹ bá fojú ara yín rí i. Mo mú kí wọ́n tún un kà fún mi lẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì bí ọmọ ilé ìwé.

ÀBÚRÒ: Ẹ sì mọ̀ wọ́n. Ohun tí wọ́n bá ti gbà—

Ẹ̀GBỌ́N: Kò sẹ́ni tó máa yí i.

[Ohùn já. Ó padà.]

Ẹ̀GBỌ́N: —gbọ́ mi? Ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Mò ń gbọ́ yín báyìí.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ní ìyókù tíkẹ́ẹ̀tì wọn wà lọ́wọ́ mi. Nọ́ńbà àwọn ọlọ́kọ̀ wà lára rẹ̀. Jẹ́ kí n fi fóònù màmá pè wọ́n.

ÀBÚRÒ: Ẹ ṣe kíá.

[Fóònù kejì ń dún lọ.]

Ẹ̀GBỌ́N: Ó ń dún.

ÀBÚRÒ: Ẹ ní kí wọ́n sọ fún dírẹ́bà pé kó má jẹ́ kí màmá sọ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Dúró. Wọ́n ti gbé e. Rárá, èèyàn kọ́. Obìnrin inú ẹ̀rọ ni. Ó ní kí n tẹ nǹkan kan.

ÀBÚRÒ: Ẹ tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ti tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n ní sùúrù. Wọ́n wá ń kọrin sí mi létí.

[Orin fèrè jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Lápá ọ̀dọ̀ àbúrò, ìlẹ̀kùn ṣí.]

Ẹ̀GBỌ́N: Kí nìyẹn?

ÀBÚRÒ: Ìlẹ̀kùn ni mo ṣí.

Ẹ̀GBỌ́N: Ibo lò ń lọ?

ÀBÚRÒ: Mò ń lọ pàdé ìyá mi.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí lo fẹ́ fi lọ?

ÀBÚRÒ: Mo ní ọ̀pá méjì tí mo ń kì bọ abẹ́ abíyá. Ṣùgbọ́n ọ̀kan ti ṣẹ́, nígbà tí mo gbìyànjú àtẹ̀gùn yìí lọ́jọ́sí.

Ẹ̀GBỌ́N: O ṣubú?

ÀBÚRÒ: Díẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Báwo ni èèyàn ṣe ń ṣubú díẹ̀?

ÀBÚRÒ: Mi ò ní dúró lónìí. Màá jókòó. Ìdí ni màá fi máa sọ̀ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀GBỌ́N: Má dán an wò. Padà sínú ilé.

ÀBÚRÒ: Kí n padà sínú ilé kí n máa ṣe kí ni?

[Orin fèrè ń lọ.]

ÀBÚRÒ: Mo ti fi yín sórí speaker, mo ti kì yín bọ àpò àyà mi. Ẹ má pa á.

[Nǹkan wúwo balẹ̀. Ó dúró. Ó tún balẹ̀.]

Ẹ̀GBỌ́N: Jọ̀ọ́, rọra.

ÀBÚRÒ: Mò ń rọra.

Ẹ̀GBỌ́N: Di irin mú.

ÀBÚRÒ: Apá kan ni irin wà. Apá kejì, wọ́n ti yọ ọ́ lọ.

[Ó balẹ̀. Ó mí.]

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé ó ń dùn ọ́?

ÀBÚRÒ: Èyí tí kò sí yẹn ló ń dùn mí jù. Nígbà míì ọmọ ìka rẹ̀ máa ń yún mí, màá nawọ́ láti họ ọ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Má sọ fún mi mọ́.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀yin lẹ bi mí.

Ẹ̀GBỌ́N: Tí o bá dé ìsàlẹ̀, kí ló kàn?

ÀBÚRÒ: Kẹ̀kẹ́ tí mo ń jókòó sí wà nínú yàrá alábòójútó ilé. Ó ti tì í, ó ti lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ kejì.

Ẹ̀GBỌ́N: Báwo lo ṣe máa wá gbé e?

ÀBÚRÒ: Ẹ jẹ́ kí n dé ìsàlẹ̀ ná.

[Ó balẹ̀. Ó balẹ̀. Fèrè ọkọ̀ ojú omi dún láti òkèèrè, ó gùn.]

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ló ké bẹ́ẹ̀?

ÀBÚRÒ: Ọkọ̀ ńlá ni. Ó fẹ́ kọjá. Fèrèsé kékeré kan wà níbi tí mo dé yìí, mò ń rí afárá. Ó ti ń ya.

Ẹ̀GBỌ́N: Ó ti ń ya sí méjì?

ÀBÚRÒ: Ó ń gbéra sókè díẹ̀díẹ̀. Gbogbo mọ́tò ti dúró. Ẹ̀gbọ́n mi, ojú ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì máa gbà nìyẹn. Tí wọn ò bá tíì kọjá, ẹ̀yìn afárá ni wọ́n wà. Ọkọ̀ yìí gùn, ó máa pẹ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Ọlọ́run, jẹ́ kó pẹ́.

ÀBÚRÒ: Tó bá rí bẹ́ẹ̀, wọ́n ń wò ó báyìí. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lẹ ní wọ́n wà.

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

ÀBÚRÒ: Ó dáa nígbà náà. Wọ́n á rí i.

[Ó balẹ̀. Ó balẹ̀. Ó ń mí sókè.]

Ẹ̀GBỌ́N: Kí lo máa sọ fún wọn?

ÀBÚRÒ: Mi ò mọ̀. Màá ní kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó.

Ẹ̀GBỌ́N: Wọ́n á ní kí ìwọ kọ́kọ́ jókòó, pé o ti rù.

[Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Kò pẹ́.]

ÀBÚRÒ: Wọ́n ń bá mi ṣe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá kan. Kò ní pẹ́ jáde. Mo ti rò ó pé tí mo bá wọ ṣòkòtò gígùn, tí mo bá ń rìn jẹ́jẹ́, wọn ò ní tètè mọ̀. Màá mú wọn lọ síbi gbogbo. Ilé gogoro yẹn, a ó máa sinmi lójú ọ̀nà, wọ́n á rò pé torí àwọn ni mo ṣe ń sinmi. Ìdí tí mo fi ń sún un nìyẹn. Kì í ṣe pé mi ò fẹ́ kí wọ́n wá.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ti gbọ́.

ÀBÚRÒ: Kì í ṣe pé wọ́n ń tì mí lójú.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ti gbọ́, àbúrò mi. Sorry. Mi ò mọ̀.

[Ohùn ń já.]

ÀBÚRÒ: —àjà kejì. Ògiri ibí nípọn, network ò— ṣé ẹ gbọ́ mi?

Ẹ̀GBỌ́N: Ó ń já. Má sọ̀ sí i mọ́, dúró síbi tí mo ti lè gbọ́ ọ.

ÀBÚRÒ: Mi ò lè dúró. Àwọn ọlọ́kọ̀ ńkọ́?

Ẹ̀GBỌ́N: Orin náà ṣì ni. Ah, wọ́n ti gé e.

ÀBÚRÒ: Ẹ tún un pè.

Ẹ̀GBỌ́N: Mò ń tún un— dúró. Fóònù màmá ń dún. Ẹnì kan ń pè wọ́n.

ÀBÚRÒ: Ta ni?

Ẹ̀GBỌ́N: Nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ ni.

ÀBÚRÒ: Ẹ gbé e.

Ẹ̀GBỌ́N: [Sí fóònù kejì] Hẹ́lòó? Màmá? Ẹ̀yin nìyẹn? Fóònù ta nìyẹn? Ẹ kú ewu ọ̀nà. Ẹ ti dé? [Sí àbúrò] Wọ́n ti dé. Wọ́n ti sọ̀. Nọ́ńbà ara wọn nìkan ni wọ́n mọ̀ sórí, òun ni wọ́n ní kí ẹnì kan bá àwọn pè.

ÀBÚRÒ: Wọ́n ti kọjá afárá?

Ẹ̀GBỌ́N: Wọ́n ti wà ní gáréèjì.

ÀBÚRÒ: Ẹ ní kí wọ́n wá ibì kan jókòó sí. Ẹ má sọ nǹkan míì.

Ẹ̀GBỌ́N: [Sí fóònù kejì] Màmá, ẹ gbọ́. Ẹ wá ibì kan jókòó sí. Ẹ má lọ síbì kankan. Ó wà lọ́nà. Rárá, kò tíì dé. Ó ń bọ̀. Màmá, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ná. Ta ni? Níbo? Màmá, òun kọ́ nìyẹn. Kò tíì débẹ̀, mò ń bá a sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Màmá. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Màmá?

ÀBÚRÒ: Kí ni wọ́n wí?

Ẹ̀GBỌ́N: Wọ́n ti pa fóònù.

ÀBÚRÒ: Kí ni wọ́n wí?

Ẹ̀GBỌ́N: Wọ́n ní àwọn ti rí ọ.

ÀBÚRÒ: Wọ́n rí ta ni?

Ẹ̀GBỌ́N: Ìwọ. Wọ́n ní o wà lókèèrè lọ́hùn-ún, nídìí géètì, o kọ ẹ̀yìn sí àwọn. Wọ́n ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, pé bí o ti máa ń dúró ò lè pa mọ́ fún àwọn.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi, orí àtẹ̀gùn ni mo wà.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo mọ̀.

ÀBÚRÒ: Ẹ pè wọ́n padà.

Ẹ̀GBỌ́N: Fóònù onífóònù ni. Mò ń pè é.

[Ó balẹ̀. Ó balẹ̀ kíákíá. Ó balẹ̀.]

Ẹ̀GBỌ́N: Má sáré. Mò ń gbọ́ ọ, má sáré. [Sí fóònù kejì] Hẹ́lòó, ẹ jọ̀ọ́, ìyá àgbà tó fi fóònù yín pè lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ti lọ? Ẹ ṣì ń rí wọn? Ta ni wọ́n ń pè?

ÀBÚRÒ: Kí ló ń wí?

Ẹ̀GBỌ́N: Ó ní wọ́n ti ń lọ láàárín èrò. Ó ní wọ́n ti bọ́ bàtà sọ́wọ́, wọ́n ń yára. Wọ́n ń pe ọkùnrin kan, ọkùnrin náà ò tíì yíjú.

ÀBÚRÒ: Kí ni wọ́n ń pè é?

Ẹ̀GBỌ́N: Bàbá Kékeré.

[Ó balẹ̀. Ohùn ń já.]

ÀBÚRÒ: Ẹ ní kó sáré tẹ̀ lé wọn. Ẹ ní kó sọ fún wọn pé mò ń bọ̀, pé kí wọ́n dúró. Mo ti fẹ́ dé ìsàlẹ̀. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sọ fún un pé mò ń—

[Ìpè já.]